TA NI YÓÒ PÀÀLÈ SÍ OKÙN INÁ WA?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni ó mú gègé láti kọ̀wé nípa wáyà iná àti okùn tẹlifóònù. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ń wá ohun tí yóò dúró níwájú olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Marina, Èkó, ère Ṣàngó ni Ben Enwonwu fi idẹ ṣe fún wọn ní 1964. Bí ọ̀rọ̀ iná bá kan Ṣàngó, ṣé kò kan àwa tí à ń ka oríkì rẹ̀ ní kíláàsì?

Ẹ jẹ́ kí á wo Kọ́bapẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé, lójú ọ̀nà tí ó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ṣágámù. Oko ni a mọ ibẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀. Lónìí, ilé-iṣẹ́ àti ilé tuntun ti ń gba ilẹ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Bí ilé ṣe ń pọ̀ ni òpó iná ń pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú títì bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń ri okùn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ àti owó wa kiri mọ́lẹ̀.

Okùn yìí kì í ṣe bàbà. Gíláàsì ni, tí ó tín-ín-rín bí irun orí, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gbé iṣẹ́ gba inú rẹ̀. Olè tí ó bá hú u nítorí bàbà kò ní rí kọ́bọ̀ kan pa níbẹ̀, ṣùgbọ́n báńkì yóò ti dákẹ́, tẹlifóònù yóò ti kú. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe kí á ta á ní kókó o. Wọ́n ní láti mú fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bá èyí tí ó bá a ṣe àwọ̀ kan náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ yọ́ ojú wọn lẹ̀ mọ́ra. Ní oṣù Kẹta 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, àwọn oníbàárà báńkì títí dé Nàìjíríà ni wọ́n jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Ti tíráńsífọ́mà tún dunni jù. Òróró inú rẹ̀ ni ó ń mú ooru kúrò lára wáyà bàbà tí wọ́n wé sí i nínú. Bí olè bá fa òróró yìí, ẹ̀rọ náà lè má kú lójú ẹsẹ̀. Yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jóná. Owó tí ìyá aláta àti bàbá télọ̀ dá ní àdúgbò ni ó di èéfín yẹn. (Àdúgbò tí ó bá sì dá irú owó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀.)

N kò gbè sẹ́yìn olè, ṣùgbọ́n olè nìkan kọ́. Ní 2025, a gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ NCC pé nínú nǹkan bí 50,000 ìgbà tí wọ́n ba okùn wọ̀nyí jẹ́, nǹkan bí 30,000 ni ó wá láti ibi iṣẹ́ ojú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀. Katakata tí ìjọba gbà síṣẹ́ ń hú ohun tí ìjọba ní kí á máa ṣọ́! Àwa náà ń dáná sun igbó lábẹ́ òpó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwa Ẹ̀gbá ti mọ ohun tí wáyà jẹ́ tipẹ́. Nígbà Ogun Àdùbí, ní oṣù Kẹfà 1918, àwọn baba wa hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù, nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe. Wọ́n mọ ẹni tí wáyà ń ṣiṣẹ́ fún, òun ni wọ́n sì ń bá jà. Ta ni ẹni tí ó ń gé wáyà lónìí ń bá jà? ECN di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005, ní 2013 ó bọ́ sọ́wọ́ IBEDC. Orúkọ ń yí, “ti ìjọba ni” kò yí lẹ́nu wa.

Òfin kọ́ ni a kò ní. Ti ológun wà ní 1984, òfin iná wà ní 2023, àṣẹ ààrẹ tún jáde ní 2024 pé dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè ni okùn wọ̀nyí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn.

Àwọn baba wa kò ní ọlọ́pàá lóko. Ìkarahun ìgbín, àkísà pupa tàbí ṣùkù àgbàdo tí a so mọ́ igi ti tó. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni ó mú kí àalè ṣiṣẹ́: gbogbo ènìyàn ni ó lè kà á, wọ́n sì mọ̀ pé olóhun wà nítòsí. Ẹ wá wo òpó kékeré tí wọ́n ń rì sórí okùn abẹ́ ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí èmi ti rí. Kí ni àgbẹ̀ tí ó mú ọkọ́ dání yóò kà níbẹ̀?

N kò ní kí á so ìkarahun ìgbín mọ́ tíráńsífọ́mà, kí ẹnikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ìkìlọ̀ náà wà ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kí katakata tó wọ ìlú kí wọ́n lọ bá baálẹ̀ àti àwọn tí wọ́n mọ ibi tí okùn gbà. Iṣẹ́ kíkọ yẹn, tiwa ni. Mo ti gbìyànjú ọ̀kan: OKÙN Ọ̀RỌ̀ WÀ NÍSÀLẸ̀ IBÍ. KÒ NÍ BÀBÀ NÍNÚ. MÁ GBẸ́LẸ̀. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù ú lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀.