Ọwọ́ Ọpẹrétọ̀ Kì í Ṣe Káṣúà

Bí ẹ bá gba ẹnu géètì àwọn iléeṣẹ́ ńlá l'Ọ́tà tàbí Àgbárá kọjá ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó tò, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò nàka sí wọn. Ẹni tí wọ́n bá nàka sí yóò wọlé lọ dúró ti ẹ̀rọ fún wákàtí 12. Èyí tó kù á padà wá lọ́la. Káṣúà ni gbogbo wọn.

Mo ti wà lára wọn rí. Ẹ̀rọ tó ń fi rọ́bà yíyọ́ ṣe abọ́ ni wọ́n fún mi. Ó ní ilẹ̀kùn níwájú. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀, súìṣì kékeré kan létí rẹ̀ kì í jẹ́ kí móòdù pàdé. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta mi, ọ̀gá ṣíìfù fa sẹ́lótéèpù yọ, ó fi lẹ súìṣì náà pa. Ó ní ilẹ̀kùn tí à ń ṣí tí à ń tì yìí ló ń jẹ́ kí táágẹ́ẹ̀tì já. Táágẹ́ẹ̀tì sì pé lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ mi tó wà lórí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tèmi nawọ́ yọ abọ́ tó há, móòdù pàdé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta. Wọ́n fún un lówó oògùn àti owó ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó tún nàka sí i lẹ́nu géètì mọ́.

Wọ́n ní káṣúà ò lẹ́tọ̀ọ́. Irọ́ ni! Òfin ọdún 2010 lórí owó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ dárúkọ káṣúà, ó dárúkọ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Kódà bó jẹ́ àdéhùn ẹnu lásán ló gbé èèyàn wọlé, òṣìṣẹ́ ni. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà sápò NSITF, àjọ ìjọba tó ń san án fún ẹni tó bá fara pa. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ọ̀gá létí, ọjọ́ 7 ni ọ̀gá ní láti fi tó àjọ náà létí.

Kí ló wá dé tí ọ̀rẹ́ mi ò rí nǹkan kan? Orúkọ rẹ̀ ò sí níbì kankan. Iléeṣẹ́ ní kọ́ńtírátọ̀ ló mú un wá. Kọ́ńtírátọ̀ ní ẹ̀rọ kì í ṣe tòun. Bí orúkọ ò bá sí nínú ìwé, òkú pàápàá ò ní í ṣeé kà: nígbà tí iná jó iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú ní September 2002, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, iye òkú tí wọ́n kà kò bára mu títí dòní.

Ohun tí à ń bèèrè fún kò ju ìwé kan lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fún un, àti ẹni tó kọ́ ọ, kí ẹ̀dà sì wà lọ́wọ́ òun náà. Kí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba sì máa wá lóru. Bí wọ́n bá wá lọ́sàn-án, ẹni tó ń ṣọ́ géètì á ti pe inú ilé, sẹ́lótéèpù á ti kúrò kí wọ́n tó fún àwọn aláyẹ̀wò ní mínírà tán.

Àwọn oníléeṣẹ́ ń ké pé dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n. Mo gbà. Ṣùgbọ́n súìṣì ilẹ̀kùn kì í mu dísẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wọ ṣíìfù alẹ́ lónìí, ẹ mú ìwé kékeré dání: ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ, orúkọ ọ̀gá. Kí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ bá yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó tan iná ẹ̀rọ.