Ta Ni Ó Ń Pa Eṣinṣin?

Ọ̀rọ̀ àpárá kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Láti ìgbà tí fíìmù Íńdíà ti wọ ilẹ̀ wa ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ibẹ̀ jọ bí ẹní ṣa àgbálùmọ̀. Èyí tí a ń wí yìí jẹ́ ti èdè Urdu, èdè àwọn ará Pakísítánì àti ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ Íńdíà: makkhiyan maarna. Makkhi ni eṣinṣin kan, makkhiyan ni eṣinṣin púpọ̀, maarna sì ni kí á lu nǹkan tàbí kí á pa á. Bí a bá tú u ní ẹyọ-ẹyọ, pípa eṣinṣin ni. Ṣùgbọ́n kò sí eṣinṣin kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó jókòó lásán, tí ó ń fi àkókò ṣòfò, ni wọ́n ń fi í bú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Àwa náà ń pa òwe, a ń pa àlọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń pa irọ́, síbẹ̀ kò sí òkú nílẹ̀. Ní Íjíbítì àti Síríà, nínú Lárúbáwá ìgboro, onísọ́ọ̀bù tí kò rí oníbàárà ni wọ́n ń sọ pé ó ń lé eṣinṣin. Wákàtí tí à ń dárúkọ lójoojúmọ́ pẹ̀lú, láti inú Lárúbáwá ni ó ti wá. Waqt ni àwọn elédè Urdu náà ń pe àkókò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa.

Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ sí bàbá. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, wọn a ní makkhiyan maar raha hai. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, makkhiyan maar rahi hai, nítorí pé Urdu ń ya akọ kúrò lára abo, èyí tí "ó" tiwa kì í ṣe. Kí ó sì má ṣì í pè ní makkhi-choos o! Ẹni tí ń fa eṣinṣin mu ni ìyẹn, ahun ni wọ́n fi ń bú.

Títí dé ibí yìí, a kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìjà wa dá lórí ẹni tí à ń sọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ní agbègbè wa yìí, láti Igbó-Elérin dé Ìbà àti Okokomaiko, bí ẹnìkan bá rí aránṣọ tí ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀lẹ ni yóò pè é. Bí ó bá rí wẹ́dà tí ó sùn sórí bẹ́ǹṣì, yóò ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Kò bèèrè bóyá iná wà. Ẹ̀rọ wẹ́dà kò gbọ́ àdúrà, iná ni ó ń gbọ́.

Ẹ wo ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ní ọdún 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti fẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ojú irin láàárín rẹ̀ láti Marina dé Okokomaiko, kìlómítà 27. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò, Mile 2 ni ó sì dé, kìlómítà 13 péré. Ọmọ tí a bí nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti pé ọdún 14. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, èrò Okokomaiko ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ń jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣé àwọn ni wọ́n ń pa eṣinṣin?

Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì nínú ẹgbẹ́ ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Fẹ́búárì títí di oṣù Òkítóbà, nítorí àdéhùn tí wọ́n ní ìjọba kò mú ṣẹ. Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi wà nílé. Nígbà tí àwọn àgbà méjì ń jà, ọmọ tí ó jókòó sílé ni aládùúgbò ń pè ní alápá-má-ṣiṣẹ́.

Àwọn baba wa náà ti sọ ọ̀rọ̀ eṣinṣin. Wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Wọn kò bú màlúù náà. Kí á tó pe ẹnìkan ní apeṣinṣin, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó nírù. Ẹni tí kò níná, tí kò lọ́nà, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní títì, wọ́n ti gé ìrù rẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò ní a ń gbèjà ọ̀lẹ. Rárá o! Ẹni tí iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, tí ó ń ti àárọ̀ dé alẹ́ ní ilé tẹ́tẹ́, ẹ wí i fún un kí ó gbọ́. Ẹni tí ó jókòó lé fáìlì olówó-ìfẹ̀yìntì, tí ó ń ní "ẹ padà wá lọ́la", òun gan-an ni ọ̀gá wọn. Alága tí ó pe ìpàdé ní aago 10, tí ó dé ní aago 1, bí ènìyàn 40 bá ń dúró dè é, wákàtí 120 ni ó jẹ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, tọ̀sán-tòru, nìyẹn. Ẹni tí ó ń fi àkókò ara rẹ̀ ṣòfò burú. Ẹni tí ó ń fi ti ẹlòmíràn ṣòfò burú jù ú lọ, síbẹ̀ òun ni à ń fún ní àga iwájú.

Súrà Al-Asr kò ju áyà mẹ́ta lọ, àkókò ni Ọlọ́run fi búra nínú rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run fi búra kì í ṣe ohun tí à ń jí lọ́wọ́ tálákà, kí á tún wá fi tálákà náà ṣẹ̀sín. Ẹ kọ́ ọ̀rọ̀ Urdu náà, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ni ín. Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí àkókò wa. Àmín.