Òtútù Kọ́: Ìgbà Òjò àti Èémí Àwọn Ọmọ Wa



Bí ọmọ bá ń húkọ́, tí imú rẹ̀ dí, "òtútù ló mú un" ni à ń wí. Bí ó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, a ó pè é ní òtútù àyà. Orúkọ ojú ọjọ́ ni èdè wa fi sọ àìsàn náà, ó sì ti pẹ́ tí a ti sọ orúkọ di okùnfà. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀fìnkìn. Àṣìṣe náà kò mọ sí ẹnu lásán. Nígbà ọyẹ́, a ó fi òrí pa ọmọ lára, a ó wé e mọ́ aṣọ. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ ńlẹ̀, ọkàn wa a balẹ̀.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí ni mo lòdì sí. Fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ikọ́ ọmọdé. Èyí tí ó le jù fún ọmọ ọwọ́ ni èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní RSV. Ní Yúróòpù, ìgbà òtútù ló ń jà. Ní ilẹ̀ olóoru, ọ̀tọ̀ ni ìgbà tirẹ̀. Ní Gáńbíà, ìgbà òjò ló sábà máa ń gbòde. Ní Kilifi, létí òkun Kenya, láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ló sábà máa ń jà. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ sì rí i pé ẹ̀gbọ́n tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń gbé e wọlé fún àbúrò. Ọmọ tí òjò kò pa rí, tí ó sùn sínú yàrá gbígbẹ, lè kó o lára ẹ̀gbọ́n tó ń húkọ́.

RSV ń pa ju 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 lọ lọ́dọọdún. Àwọn tó sún mọ́ ìdajì wọn kò tíì pé oṣù 6, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó ni èyí tó pọ̀ jù sì ti ń kú. Láti 2023, àjẹsára ti wà fún aláboyún tí yóò dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan tún wà fún ọmọ tuntun, tí ààbò rẹ̀ tó nǹkan bí oṣù 5. Níbi tí owó kò tó láti fún gbogbo ọmọ yíká ọdún, ẹni tí kò mọ ìgbà àìsàn nílẹ̀ rẹ̀ yóò gún ọmọ nígbà tí ewu ti kọjá. Nítorí náà, kí ìjọba àti yunifásítì wa máa ka àìsàn yìí lóṣooṣù, ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Òjò Sókótó kì í ṣe òjò Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan àwa babaláwo náà. Nígbà òjò ọdún kan, ìyá àgbà kan gbé ọmọ oṣù 4 wá kí n dá Ifá fún un. Èémí ọmọ náà ń sáré, abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn wọnú. N kò fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ọkọ̀ ni mo wá. Atẹ́gùn ọ́síjìn ni wọ́n fi gbà á là nílé ìwòsàn. Àwọn kan ní mo dójú ti iṣẹ́ baba mi. Mo dá wọn lóhùn pé ọmọ tó yè ni yóò jogún iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka èémí. Kí ọmọ dákẹ́, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tàbí 50 fún ọmọ oṣù 2 sí 11, tàbí 40 fún ọmọ ọdún 1 sí 5, ilé ìwòsàn ló kàn. Bákan náà ni bí abẹ́ ìhà bá ń jìn, tàbí tí ọmọ kò lè mu ọmú. Àgbo kò gbọdọ̀ dá ẹsẹ̀ wọn dúró.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí òjò bá ṣú, ẹ máa ṣọ́ èémí ọmọ bí ẹ ṣe ń ṣọ́ ọ nígbà ọyẹ́. A kò ní fi ọmọ sunkún. Àṣẹ.