Ta Ló Tẹ Oko Àlìkámà Mọ́lẹ̀?

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe yìí ṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991. Àwọn àgbàlagbà méjì, Doug Bower àti Dave Chorley, jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn Today pé àwọn ni àwọn ń fi òru ya àmì rìbìtì-rìbìtì sínú oko àlìkámà ní gúúsù ilẹ̀ náà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, àmì wọ̀nyí ti di àdììtú. Àwọn kan ní ọkọ̀ àwọn ará ayé mìíràn ló balẹ̀ síbẹ̀. Terence Meaden, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, ní ìjì ni. Pat Delgado àti Colin Andrews, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti ẹ̀rọ, fi àkókò ara wọn wọn àwọn àmì náà, wọ́n ya àwòrán wọn láti òkè, wọ́n sì tẹ ìwé Circular Evidence jáde ní ọdún 1989. Lójú tiwọn, ọgbọ́n kan tó ju ti ènìyàn lọ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni irinṣẹ́ Bower àti ọ̀rẹ́ rẹ̀? Pákó kan, okùn, àti fìlà tí wọ́n so wáyà mọ́ kí ẹsẹ̀ wọn má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Ìtàn kan láti Tully ní Ọsirélíà ló ta Bower lólobó: ní ọdún 1966, àgbẹ̀ kan níbẹ̀ sọ pé òun rí ọkọ̀ àjèjì tó gbéra láti inú irà, koríko ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ ní rìbìtì.

Ìwé ìròyìn náà kò gba ìjẹ́wọ́ yìí gbọ́ lásán. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì ya àmì kan, wọ́n sì pe Delgado wá wò ó. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kọ́. Nígbà tí wọ́n fi àwọn tó ṣe é hàn án, ó gbà pé wọ́n ti tan òun jẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Delgado ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ náà kò tọ́. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ìwádìí. Ojú tó ń wò láìgba owó wúlò. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìbéèrè tó dé. Bí àmì bá rọrùn, wọ́n á ní àràmàǹdà ni. Bí ó bá díjú, wọ́n á ní ó tún ju àràmàǹdà lọ. Àlàyé tí ohunkóhun kò lè takò kì í ṣe ẹ̀rí, bí ó ti wù kí okùn ìwọ̀n gùn tó.

Ẹ̀kọ́ yìí kàn kíláàsì lítíréṣọ̀ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pinnu ìtumọ̀ ewì kí ó tó kà á dé ìlà ìkẹyìn kò yàtọ̀ sí ẹni tó rí ọkọ̀ ojú ọ̀run nínú àlìkámà tó tẹ́. Ó yẹ kí olùkọ́ máa bi í pé: “Kí ni ìwọ yóò rí tí wàá fi gbà pé o ṣìnà?” Bí kò bá ní ìdáhùn, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àgbàlagbà méjì àti pákó kan ni. Ẹni tó bá lè sọ ní gbangba, bíi Delgado, pé wọ́n tan òun jẹ ti ṣe ohun tó nira ju wíwọn oko lọ.