Bọ́tìnnì "Sport" Kò Tún Ọ̀nà Ṣe

Bí ọdún bá ti ń súnmọ́ etílé, àwọn ọmọ Bàbáńlá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, a máa wa ọkọ̀ tòkunbọ̀ wálé. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì kan wà nítòsí jíà tí a kọ Eco, Normal àti Sport sí. Àwọn awakọ̀ kan gbà pé Sport ń fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ọkọ̀ yóò tètè dá ẹsẹ̀ awakọ̀ lóhùn, jíà yóò pẹ́ kó tó yí sókè, epo yóò sì jó sí i. Eco ni òdìkejì rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, òun ló yẹ àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò, ọkọ̀ tí ń fò síwájú bí a bá ti fọwọ́ kan án lásán, ewu ni. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin ìrìnnà fàyè gbà láàrin ìlú. Kò sí bọ́tìnnì tó lè yí i padà. Kí awakọ̀ fi Normal wọ̀lú. Eré àsápajúdé kì í mú ọdún yá.