Ìgbà Tí Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Ń Dán Jù, Ẹ Bèèrè Ẹ̀rí

Lọ́dún 2018, wọ́n ta Ferrari 250 GTO kan ní gbàǹjo ní California, ní ohun tó lé ní 48 mílíọ̀nù dọ́là. Irú rẹ̀ 36 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964. Ibi tówó bá pọ̀ tó báyìí, ayédèrú ò ní ṣàì débẹ̀. Kí ló wá ń sọ ọkọ̀ di ojúlówó gan-an?

Ẹnì kan lè ra ọkọ̀ àtijọ́ tí ò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí, kó ha nọ́ńbà ṣásí rẹ̀ kúrò, kó wá lu nọ́ńbà ọkọ̀ olówó gegere tó ti jóná sí i. Lójú lásán, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lu nọ́ńbà àkọ́kọ́, agbára òòlù ò dúró lójú irin nìkan. Ó wọnú lọ, ó da ètò àwọn hóró kéékèèké tó para pọ̀ di irin rú. Tí wọn ò bá ha á jìn jù, ibi tó rú yẹn ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ásíìdì tó yẹ pa á, ásíìdì á tètè jẹ ibẹ̀ ju ibi tó kù lọ, nọ́ńbà àtijọ́ á sì yọjú. Ọgbọ́n yìí náà làwọn ọlọ́pàá fi ń dá ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé mọ̀.

Awọ ìjókòó náà ń jẹ́rìí. Àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò lójú sánmà ní àwọn ọdún 1950 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1960 fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kábọ́ọ̀nù-14 inú afẹ́fẹ́ di ìlọ́po méjì. Koríko fà á, màlúù jẹ koríko. Tí wọ́n bá ní Bugatti ọdún 1937 nìyí, tí kábọ́ọ̀nù bọ́ǹbù wá wà nínú awọ rẹ̀, a jẹ́ pé awọ yẹn ò tíì sí láyé lọ́dún 1937. Bírọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o. Awọ tuntun nìkan ò sọ ọkọ̀ di ayédèrú. Bentley kan wà tí wọ́n ń pè ní Old Number One, òun ló borí nínú eré ìje Le Mans ní 1929 àti 1930. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ títí irin ọdún 1929 fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Lọ́dún 1990, àwọn tó fẹ́ rà á ní 10 mílíọ̀nù pọ́ùn yarí pé kì í ṣe ojúlówó. Adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun náà ni: ìtàn rẹ̀ ò já, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó lè jórúkọ yẹn.

Mo fara mọ́ adájọ́ yẹn. Sáyẹ́ǹsì lè sọ ọjọ́ orí irin. Ìtàn ló ń sọ orúkọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ẹ̀rí ìtàn náà sì wà lára ọkọ̀: ọ̀dà tó wà lórí ọ̀dà, ìpẹtà, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ìdí nìyí tínú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá ha ọkọ̀ àtijọ́ dórí irin, tí wọ́n wá kùn ún kó máa dán. Ẹ̀rí ni wọ́n ń dà nù yẹn! Ọjà tó bá sì ń sanwó fún dídán, oníayédèrú ló ń ṣe lóore, torí ayédèrú náà lè dán.

Kẹ́ni tó fẹ́ tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kọ́kọ́ ya fọ́tò, kó bu díẹ̀ pamọ́ nínú ọ̀dà àtijọ́, kó má ju ohun tó bá yọ nù, kó sì kọ gbogbo ohun tó pààrọ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ò ní ra Ferrari láyé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú àwọn ọkọ̀ yìí ni ìmọ̀ nípa báwọn èèyàn ṣe ń ṣe mọ́tò nígbà kan wà. Tí ayédèrú bá gba ipò wọn, irọ́ làwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa kọ́.