Ẹ má fa ọmọ yín kúrò nídìí ayò chess

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ohun tó ń dùn mí lọ́kàn.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wo ìdíje chess tí àwọn ọmọ iléèwé ṣe ládùúgbò wa ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́. Dúdú ni ọmọkùnrin kan mú. Ẹni tó mú funfun sún ọmọ-ogun iwájú ọba rẹ̀ ní ilé méjì. Ọmọ yìí kò fi tirẹ̀ kò ó lójú, èyí tó wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀gbẹ́ ayaba ló sún ní ilé méjì. Sicilian ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yẹn. Fischer ará Amẹ́ríkà náà lò ó nígbà tó ń bá Spassky du adé àgbáyé ní 1972. Ẹni tó lò ó kì í káwọ́ gbera, láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń du àárín pátákó.

Ọmọ náà jẹ. Kò tíì dìde tí baba rẹ̀ fi dé: "Ṣé tẹ́tẹ́ lo wá ta níbí? Ó yá, nílé!" Ó sì wọ́ ọ lọ.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ní 2017, ní Tbilisi, Olúwafẹ́mi Balógun ọmọ Nàìjíríà bá Magnus Carlsen ta nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Adé àgbáyé ṣì wà lórí Carlsen nígbà náà, ó sì jẹ ọmọ wa ní 2–0. Bí ẹnìkan bá ní, "Ẹ ò rí i, kì í ṣe tiwa," kó gbọ́ èyí: nínú ìdíje kan náà, ní ìpele kẹta, Bu Xiangzhi ará Ṣáínà ló lé Carlsen lọ sílé. Bu yìí ti di ọ̀gá àgbà chess láti 1999, ọmọ ọdún 13 péré ni nígbà náà. Ẹ ò rí i pé láti kékeré ni ọ̀pẹ ti ń di ọ̀ta?

Ní 2024, Túndé Ọnàkọ́yà fi wákàtí 60 ta chess ní New York láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ aláìní. Ṣé tẹ́tẹ́ nìyẹn náà?

N kò ní kí ọmọ pa ìwé tì o. Kó ka ìwé rẹ̀ tán, kó ṣe iṣẹ́ ilé, kó tó ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ta. Ayò tí ń kọ́ ọmọ láti ronú kó tó nawọ́, ẹ̀kọ́ ni.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.